Ọjọ́ Tí Afínjú Ká Apá Aṣọ Rẹ̀ Sókè

Kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ló ń dá aránṣọ náà lágara jù. Àwọn tó ń wá kí i ni.

Ọkọ ọ̀hún ti wa ọkọ̀ akẹ́rù títí irun rẹ̀ fi funfun, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú apá ọ̀tún rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ìyàwó ti gbé máṣíìnì ìránṣọ wọ yàrá, tó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Bó bá ran ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán, á dìde, á yí ọkọ rẹ̀ padà kí egbò má baà yọ ọ́ lẹ́yìn, á nu itọ́ ẹnu rẹ̀, á padà sídìí máṣíìnì. Ìyẹn ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí àlejò kì í kan ilẹ̀kùn. Á kó aṣọ oníbàárà kúrò lórí àga kí wọ́n lè jókòó. Á bu omi fún wọn. Wọ́n á ní kó ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀. Á tún ròyìn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á gbàdúrà gígùn, wọ́n á lọ. Nígbà náà, aláìsàn á ti tọ̀ sára. Kò sì sí àdúrà tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn.

Nígbà tó yá, ojú aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ran ẹnu àpò ṣòkòtò oníbàárà kan pa. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín: "Ìyá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí n lówó ni?" Òun kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni dókítà ojú ń wá sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Lẹ́ẹ̀mejì ló ti múra, lẹ́ẹ̀mejì ni àlejò pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì padà sínú ilé. Aránṣọ tó bá fọ́jú, kí ló kù fún un? Kí ló kù fún ẹni tó ń bọ́?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí, ó ti wẹ ọkọ rẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó fẹ́ sáré lọ sáré bọ̀, ni àbúrò ọkọ rẹ̀ bá wọlé. Láti ìgbà tó ti di ìyàwó ilé ni kò ti pe orúkọ ẹni yìí. Afínjú ló sọ ọ́, torí pé kì í jẹ́ kí eruku bà lé aṣọ funfun rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú o. Àga dà?"

"Ọkọ mi Afínjú, ilé ìwòsàn ni mò ń lọ. Ẹ bá mi wo ẹ̀gbọ́n yín."

"Èmi? Ṣé ẹ rí aṣọ ọrùn mi ni?"

"Mo rí i. Ojú abẹ́rẹ́ ni mi ò rí mọ́."

Ó wú ikọ́. "Kò burú. N ó máa gbàdúrà tì wọ́n títí ẹ ó fi dé."

"Ẹ gbà á. Àmọ́ tí wọ́n bá tọ̀, ẹ dá àdúrà dúró, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ wọn."

Ohùn kan jáde láti orí ibùsùn, láti ẹnu tó ti wọ́: "Rárá. Kò gbọdọ̀ rí ìhòòhò mi."

Ọkùnrin tó gbé àbúrò rẹ̀ gun èjìká rí kò fẹ́ kí àbúrò náà gbé òun. Ó yé ìyàwó. Ó ti yé e láti ọjọ́ pípẹ́, òye yẹn ló ń pa á. Agara ti dá a débi pé ìbínú pàápàá kò rí ibi dúró sí nínú rẹ̀. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ojú fọ́. Tó bá fọ́ tán, imú yín ni n ó máa ki síbí bọ̀."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn gbọ̀n. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ẹkún ni, ẹnikẹ́ni kò lè sọ. Ó kọjú sí ògiri.

"Aránṣọ, máa lọ."

Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ló sùn lọ sí. Ẹni tó jókòó tì í ló jí i nígbà tí wọ́n pè é. Dókítà kán oògùn sí i lójú, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó ní ojú náà kò tíì kọjá àtúnṣe, àmọ́ kó tún wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má sì pa á jẹ. "Ẹ má ránṣọ lónìí. Gbogbo nǹkan á máa ṣe yín bí èéfín títí dìrọ̀lẹ́."

Ó fọwọ́ tọ́ ògiri wọlé. Ó rí i fírífírí pé Afínjú ti ká apá aṣọ sókè, àyà aṣọ funfun ti rin gbindin. Ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ ségesège bí ẹrù tí wọn ò dì dáadáa.

Afínjú kò kí i. "Báwo lẹ ṣe ń dá gbé wọn?"

Gbogbo àlejò tó ti jókòó nínú yàrá yìí, kò sí èyí tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí.

"Ẹ fi orúnkún ti ibùsùn. Ẹ ní kí wọ́n fi apá òsì dì mọ́ yín lọ́rùn. Ẹ má fà wọ́n o, ẹ yí wọn ni."

"Ọwọ́ rẹ̀ tutù," ni aláìsàn wí. "Ó tún ń rojọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́. Ẹ̀yin náà máa ń jágbe mọ́ mi tí ẹ bá ń wẹ̀ mí ní kékeré."

"Dókítà ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀," ni aránṣọ wí.

Afínjú wo àyà aṣọ rẹ̀.

"Mi ò lè máa wá lójoojúmọ́ o."

"Ta ló ní lójoojúmọ́?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan."

"Ó dáa."

Aránṣọ fọwọ́ wá ẹní lẹ́yìn máṣíìnì, ó dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ó gbọ́ tí Afínjú ń kérora, tí ọkọ rẹ̀ ń pòṣé, tí abọ́ kan ré bọ́ sílẹ̀. Ó mọ̀ látinú ìró pé wọn kò gbé ìrọ̀rí síbi tó yẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ dìde. Ó ká a padà sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó di ojú.