Ìdọ̀bálẹ̀ Orí Bẹ́ẹ̀dì

Ewúrẹ́ ló gbé mi dé ọsibítù. Bí mo ṣe máa ń dáhùn nìyẹn bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí mo ń tiro, wọ́n á sì rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ewúrẹ́ ni lóòótọ́, ewúrẹ́ dúdú kan tó dùbúlẹ̀ sáàárín títì ní ọ̀kan nínú àwọn kọ́nà tó gun òkè lọ sí Ọ̀kà, tó ń jẹ àpọ̀jẹ bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló la ọ̀nà náà. Mo yà fún un. Máṣìn mi ò bá mi yà.

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni mò ń ṣe nígbà náà. Ìkàrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù náà kì í sábà rí mi. Orí máṣìn ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá wà ní Arigidi lónìí, mo lè wà ní Àjọwá lọ́la, kí n sì sùn sí Ìpè lọ́tùnla. Ìyá mi ní ó dá òun lójú pé mo jẹ ẹsẹ̀ ajá níbì kan láìjẹ́ kí òun mọ̀. Inú mi máa ń dùn tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé oríyìn ni.

Ọ̀kà ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ti wá. Òun ti gbà, ìyá rẹ̀ náà ti gbà, bàbá rẹ̀ nìkan ló kù. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá yìí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ kì í bọ́ sílẹ̀ lásán. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn, mo tẹ̀ díẹ̀, mo fi orí ìka kan ilẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, Bàbá," mo sì ti nàró kí n tó sọ ọ́ tán. Bí àwa ọ̀dọ́ tójú wa là ṣe ń kí àgbà nìyẹn nígbà náà. Bàbá wo ibi tí mo fọwọ́ kàn nílẹ̀ dáadáa.

"Ùwọ ọmọ yìí, kí ló jábọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

"Áà. Mo ṣe bí o ń he nǹkan ni."

Mo bínú délé. Mo sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà, àwọn àgbà fúnra wọn ló sọ ọ́. Ó jíṣẹ́ náà fún bàbá rẹ̀, nítorí obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni. Èsì tí bàbá fi ránṣẹ́ padà ni pé, bí ìdọ̀bálẹ̀ ò bá ṣe ìwà, kí ni a ó wá pe àìdọ̀bálẹ̀? Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ìsinmi, kí n wá kí òun níṣojú ẹbí bí wọ́n ṣe ń kí bàbá ìyàwó, àyà nílẹ̀, kí n sì wà níbẹ̀ títí òun yóò fi ní kí n dìde. Ó ní ẹni tí kò bá lè dúró lójú kan kí òun kò lè dúró ti ọmọ òun.

Ọjọ́ Ìsinmi náà ni mo wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí, tó le gan-an débi pé ó ń dún bí mo ṣe ń rìn. Mo ti pinnu pé n ó dọ̀bálẹ̀. Ewúrẹ́ náà ti pinnu tirẹ̀.

Eegun itan ló ṣẹ́. Wọ́n gbé mi padà sí Ìkàrẹ́, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sókè, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì so irin wúwo mọ́ ìdí okùn náà kí ó lè máa fa eegun náà bọ̀ sípò. Gbogbo ohun tí dókítà ní kí n máa ṣe kò ju pé kí n má ṣe nǹkan kan. "Má mira," ni sístà máa ń sọ láàárọ̀, òun náà ló sì máa ń sọ lálẹ́, bí ẹni ń kí ni. Èmi tí mo máa ń fi máṣìn yí gbogbo Àkókó ká, mo wá ń wo òrùlé.

Ohun tó tún dá kún un ni rédíò kan tó wà lórí fèrèsé lódìkejì. Ariwo ṣàà nìkan ló ń jáde níbẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Wáyà kan ló já, kò ju kí n fọwọ́ kàn án lọ. Mo bẹ sístà kó gbé e wá fún mi, ó ní iṣẹ́ ò sí fún ẹni tí wọ́n ní kó sinmi. Ó ní kí èmi àti rédíò náà máa wo ara wa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn mí jù, kì í sì í ṣe rédíò. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ìsinmi náà, gbogbo ẹbí ló jókòó dè mí títí iyán fi tutù. Bàbá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Mo ti sọ fún un yín." Nígbà tí wọ́n fi gbọ́ pé mo ṣubú, ó ti sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ sì dà bí ẹyin. Ẹ̀rù bà mí gidigidi pé mo ti pàdánù ọmọbìnrin náà. Bí ó bá wá kí mi, ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, kì í ṣe abọ́ oúnjẹ tó gbé dání.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó wọlé, ó ní, "Bàámi wà lẹ́yìn mi."

Kí n tó rí nǹkan rò, ọkùnrin náà ti dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé iṣu ńlá kan mọ́ra. Ẹ wo bí mo ṣe wà: mo dojú sókè, mo gbé ẹsẹ̀ kan sójú ọ̀run, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló sì kọjú sí bàbá ìyàwó mi. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kí i. Ìtìjú yẹn ju ohun tí ọpọlọ mi lè gbé lọ. N kò rò ó rárá. Ara mi ló yí padà fúnra rẹ̀, mo sì da àyà bo bẹ́ẹ̀dì. Okùn yọ, irin já lulẹ̀ gbàgà.

"Ẹ káàsán, Bàbá," ni mo wí sínú ìrọ̀rí.

Ẹnu àgbà ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ bí ọmọ bá dọ̀bálẹ̀. "Ó tó," ló ní. "Dìde."

"Mi ò lè dìde, sà."

Ìgbà náà ni mo tó pariwo. Iṣu já lọ́wọ́ rẹ̀. Sístà sáré dé, ó bèèrè ohun tí mo ń ṣe tí mo fi ba iṣẹ́ dókítà jẹ́. Bàbá ló dá a lóhùn. "Ó ń kí mi ni," ló ní, "èmi ló ń kí." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

Wọ́n tún eegun náà fà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò so pọ̀ bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ mi òsì sì kúrú sí ọ̀tún títí dòní. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́ kan kì í kọjá kí bàbá má yà sọ́dọ̀ mi. Láti ìta lo ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀: "Má kí mi o. Mo ń bọ̀, má kí mi." Kì í wọlé àyàfi tí sístà bá ti di ẹsẹ̀ mi mú. Òun náà ló gbé rédíò orí fèrèsé lé mi láyà lọ́jọ́ kan láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó jókòó tì mí tó ń bá mi di àwọn ìdè tí mo ń tú lára rẹ̀ mú. Nígbà tí rédíò náà sọ̀rọ̀, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "O lè jókòó lójú kan, àbí?" Mo ní okùn ni, sà. Ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn ẹbí Ọ̀kà ní kí ọkọ ìyàwó wá dọ̀bálẹ̀. Mo ti ń wá ibi tí n ó fi ọ̀pá mi sí nígbà tí bàbá dìde. Ó ní, "Ẹni tó bá ní kó dọ̀bálẹ̀, kó ti lọ wá dókítà sílẹ̀. Ó ti ṣe tirẹ̀ n'Ìkàrẹ́, mo ti gbà á." Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló na gbalaja lórí iyẹ̀pẹ̀, èmi jókòó sórí àga bí ọba.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní gbogbo ọdún tí èmi àti bàbá fi jọ wà. Bí mo bá ti tẹ̀ díẹ̀ báyìí, á kígbe kí ẹnì kan wá dì mí mú. Èmi tí kò fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo wá ń wá àyè tí n ó fi dọ̀bálẹ̀ fún un, kò fún mi. Ìgbà mìíràn ó máa ń dùn mí.

Ìyàwó mi ló ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ tí bàbá papò dà. Wọ́n ti tẹ́ ẹ sí pálọ̀ nígbà tí mo gun òkè dé Ọ̀kà, wọ́n ti wọ aṣọ funfun fún un. Òun ni kò mira báyìí. Mo gbé ọ̀pá mi ti ògiri, mo rọra sọ̀kalẹ̀ títí àyà mi fi kan sìmẹ́ńtì, mo ní, "Ẹ káàsán, Bàbá." Mo wà níbẹ̀, mò ń retí. Kò sí ẹni tó ní kí n dìde.