Mùtíàt àti Ìkànnì Ìròyìn Ẹbí

Ó ń ṣe mí bíi kí n tún jókòó lójúde ṣọ́ọ̀bù wa ní Soldier Town, ní Banjul, kí n máa wo Mùtíàt bó ṣe ń bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ jà. Àwa méjì la jọ gba ibẹ̀: èmi ń ta léèsì níwájú, òun ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn. Ọmọ Ìwó ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ní ọdún 2012, ó ṣe ìkànnì kan fún àwọn ẹbí. Ẹni tó bá ní ìròyìn, ìbí ni o, ikú ni o, á kọ ọ́ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹbí. Àwọn Aku, ìyẹn ọmọ àwọn tó ti Freetown wá, tí ìran wọn tan mọ́ Yorùbá, fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí ẹbí wọn ti fọ́n káàkiri ayé.

Àléébù kan ló ní. Bí iná bá lọ nígbà tó ń ránṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí kò tíì lọ ti sọnù nìyẹn. Iná Banjul nígbà náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí Gibril kú ní Bakau ni iná lọ, kí ìròyìn ikú rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí. Gibril yìí ni àbúrò kan ṣoṣo tí Màmá Haddijatou ní, ìyá àgbà Aku kan ní Portuguese Town. Ẹbí rò pé Màmá ti gbọ́, pé ara rẹ̀ ni kò yá. Wọ́n kírun sí òkú lára, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Kí Màmá tó gbọ́, wọ́n ti bo ilẹ̀.

Màmá kò bú Mùtíàt. Ìbá sàn kó bú u. Tẹ́lẹ̀, bó bá ń lọ sọ́jà, "Kushẹ o!" ló máa ń kí wa, a ó sì dáhùn pé "Ẹ kúṣẹ́ o, Mà," a ó jọ rẹ́rìn-ín pé ìkíni kan náà ni. Láti ọjọ́ yẹn, òdìkejì títì ló ń gbà kọjá. Ó dùn mí, ó sì pa Mùtíàt lẹ́kún.

Ni Mùtíàt bá tú iṣẹ́ náà palẹ̀, ó tún un ṣe. Gbogbo ìròyìn á kọ́kọ́ tò sórí ìlà kan nínú kọ̀ǹpútà, níbi tí iná tó lọ kò ti lè pa wọ́n rẹ́. Kọ̀ǹpútà á máa mú wọn rán níkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yọ ìkankan kúrò lórí ìlà àfi tó bá rí èsì gbà pé ó ti dé. Bí kò bá rí èsì, á tún un rán.

"Ìwọ yìí, o fẹ́ẹ́ máa yọ ará ìlú lẹ́nu," mo ní.

Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Sainabou, ọmọ Màmá, bímọ ní Leeds. Ọkọ rẹ̀ kọ ọ́ sórí ìkànnì: "Sainabou bí ọkùnrin, àlàáfíà ni." Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Màmá, àmọ́ iná lọ kí èsì tó padà sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí iná dé, ìròyìn ṣì wà lórí ìlà, kọ̀ǹpútà sì tún un rán. Ọkùnrin dé, ọkùnrin tún dé: Aku ni o, Yorùbá ni o, ta ni kò ní pariwo ìbejì?

Bí Mùtíàt ṣe rí i, ó fà mí lọ́wọ́, ó di Portuguese Town. Màmá ti se ẹ̀wà, ó ń pín in fún àwọn aládùúgbò, fìlà ìkókó méjì sì wà lórí itan rẹ̀. Mùtíàt kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ọmọ kan ni. Kọ̀ǹpútà mi ló rán an lẹ́ẹ̀mejì, torí kò dá a lójú pé ẹ ti gbọ́."

Àwọn aládùúgbò bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ó tún ti bàjẹ́ nìyẹn. Màmá gbé fìlà kan lé èkejì lórí, ó ń wò wọ́n.

"Dìde, ọmọ mi," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ti Gibril, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gbọ́, n kò sì rí i gbọ́. Lọ́jọ́ tí èmi náà bá kú, rán an lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ó sì bu ẹ̀wà fún un.