Ọwọ́ Tó Wọ Imú Baálé Mi

Ọdún kọkàndínlógún nìyí tí mo ti ń fi òwú wọ ihò imú èèyàn, kò sì sí ẹni tó bá mi du àga mi rí, àfi ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń bú u, ẹ fara balẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Ilé ìwòsàn imú àti etí la ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa kì í ṣe ẹni tí ọ̀fìnkìn ọjọ́ mẹ́ta ń dà láàmú o. Àwọn tí ọyún ti dì sínú ihò egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí wọn fún ọdún gbọọrọ ni. Bí wọ́n bá tẹrí ba, orí á fẹ́ là. Ikun tó ń jáde nímú wọn dà bí omi ewé, àwọn mìíràn ò sì gbọ́ òórùn mọ́ rárá. Dókítà wa kì í kàn kó oògùn fún wọn. Ó ní àfi ká kọ́kọ́ mọ irú kòkòrò tó ń gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Màá mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí òwú wà lórí rẹ̀, màá tì í bọ imú, màá yí i lẹ́ẹ̀mejì, màá jù ú sínú ìgò kékeré, màá kọ orúkọ sí i, ó di láàbù, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ títí kòkòrò inú rẹ̀ á fi hù tí wọ́n á fi mọ irú ẹni tó jẹ́. Kí o tó sín, mo ti ṣe tán. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè mí ní Ìyá Olówùú.

Ni ọmọ yìí bá dé. Ọmọ tí mo lè bí ni. Kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ rí tínrín. Bí o bá jókòó síwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ fọ iwájú imú rẹ mọ́, yóò dúró kó gbẹ, lẹ́yìn náà ni yóò wá ti ọ̀pá tín-ín-rín tí iná wà lẹ́nu rẹ̀ wọlé, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi rí ibi tí ọyún ti ń kán sílẹ̀ lábẹ́ egungun. Rọ́bà kékeré ló fi ń fà á, kò ní jẹ́ kó kan ẹ̀gbẹ́ kankan. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí imú kan! Èmi á ti ṣe mẹ́fà. Síbẹ̀, àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún mi lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì kọjá, mà, mò ń dúró de Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀." Orúkọ tí wọ́n fún un nìyẹn.

Mo fẹjọ́ sun dókítà pé ọmọ náà ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Imú ni akèrègbè tiwa."

Mo jowú. Kí ni mo fẹ́ fi bò? Mo jowú débi pé mo ti oúnjẹ ọ̀sán mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá láàbù, aláwàdà burúkú, wò mí lójú, ó ní, "Ìyá Olówùú ti di Ìyá Olówú!" Ohùn díẹ̀ ló yí o, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni. Ẹ wò mí bí mo ṣe sanra.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti baálé mi. Bákẹ́rì ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe, imú ló sì fi ń ṣọ́ ààrò. Kì í wo aago. Òórùn ló fi ń mọ̀ pé búrẹ́dì ti jinná. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni imú náà dí pa. Láti ìgbà náà ó ti jó búrẹ́dì mọ́ ààrò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀gá rẹ̀ sì ti sọ fún un pé kó wá imú rẹ̀ rí kí oṣù tó parí, tàbí kó máa lọ sílé. Èmi fúnra mi ti fi òwú wọ imú náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Oògùn mẹ́ta ló mu lé e lórí, pàbó ló já sí.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó ní, "jẹ́ kí ọmọ yẹn bá mi wò ó."

"Ọmọ wo?"

"Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀."

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?"

"Ìwọ náà ni. Ṣebí ojoojúmọ́ lò ń bú u létí mi."

"Ẹ wá fẹ́ kí obìnrin mìíràn máa tọwọ́ bọ̀ yín nímú?"

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́. "Ìka tó bá tọ́ símú la fi ń romú. Imú ni mo sọ o, mi ò sọ ti ìyàwó."

Ọmọ náà ṣe é. Èmi ni mo gbé àwo dání, bí ìyáálé tó ń tẹ́ ẹní fún ìyàwó. Ọkùnrin tó máa ń pariwo mọ́ mi, tó máa ń di ọwọ́ mi mú, ó dijú ni, kò mira. Nígbà tó tán, ó ní, "O ṣé o, ọmọ mi." Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí lórí àga yẹn. Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tutọ́ funfun jáde. "O káre," mo ní.

Ọmọ náà gbé ìgò lé mi lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má jẹ́ kó wọ firíìjì. Kòkòrò tí mo ń fura sí ò fẹ́ afẹ́fẹ́, kò sì fẹ́ òtútù. Ẹ bá mi gbé e dé láàbù báyìí báyìí."

Mi ò ní purọ́, ó yé mi. Ṣùgbọ́n mo dé iwájú firíìjì, mo ní, tèmi ti ń wọ̀ ọ́ láti ọdún gbọ́nhan, kí ló dé tí tirẹ̀ ò ní wọ̀ ọ́? Mo tì í sẹ́yìn àwọn ìgò yòókù, mo sì pa ilẹ̀kùn dé. Ọjọ́ kejì ni mo tó gbé e lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èsì dé. Kò sí ohun tó hù. Mo lọ síwájú ọ̀gá láàbù, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tèmi máa ń hù, àbí kì í hù?"

Ó wò mí. Kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. "Ó ń hù, Ìyá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń hù nínú tiyín, ẹnu ọ̀nà imú gbogbo ayé ló wà. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tó wà nínú yàrá là ń wá."

Oògùn mẹ́ta tí baálé mi mu, ẹni ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń lé.

Kí n tó dé yàrá mi, ọmọ náà ti wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ mi ni. Bóyá mi ò dé ibi tó yẹ." Baálé mi náà ti jókòó sórí àga. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún un ní bákẹ́rì.

"Mo ti dán tẹlòmíràn wò," ó ní. "Ọwọ́ ìyàwó mi ló mọ imú mi. Ó yá, tì í bọ̀ ọ́." Ó gbé orí sẹ́yìn, ó dijú. Kò pariwo. Kò di ọwọ́ mi mú.

Ohun tí mo ti ń fẹ́ nìyẹn. Mo mú igi olówùú, mo gbé e dé ẹnu imú rẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀, kò wọlé. Mo gbé e sílẹ̀.

"Dìde," mo sọ fún ọmọ náà. "Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Inú firíìjì ni mo gbé ìgò rẹ sí. O kìlọ̀ fún mi, mo sì gbé e síbẹ̀. Owú rẹ ni mò ń jẹ."

Baálé mi lajú. Mo retí kó bú mi. "Ìyá àwọn ọmọ," ló sọ, ó sì gbé orí sẹ́yìn fún ọmọ náà.

Ọmọ náà fọwọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìgò gba nǹkan tán, mo na ọwọ́ láti gbà á, bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo aláìsàn. Baálé mi dìde lórí àga, ó gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Níbo ni láàbù wà?" ó ní.

Ọmọ náà ló bi, kì í ṣe èmi. Ó júwe fún un, baálé mi sì gbé ìgò náà jáde lọ. Ọwọ́ mi ṣì wà ní nínà.