Ẹ̀wà Tí Mo Fi Ṣúgà Sí

Mi ò fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi láti ọjọ́ tí mo ti dé Banjul, òun náà kò sì fẹ́ràn mi. Ilé ọkọ ni mo ti kúrò ní Ìsẹ́yìn, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí mi ò bímọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà, ló ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí n máa bá wọn dáná. Bathurst ni àwọn òyìnbó ṣì ń pe ìlú náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n a ò pè é bẹ́ẹ̀ nínú agboolé wa.

Ìyàwó wà nínú oyún nígbà tí mo dé. Omi ló ń mu ṣáá. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Èmi ni mo sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn àwọn aboyún. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ jẹ́ Aku, ìran àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀, àgbàlagbà obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó da omi búlúù kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó kán ìtọ̀ ìyàwó sí i, ó sì gbé e sórí iná. Omi náà yí padà, ó pọ́n bí amọ̀ tí wọ́n sun. Nọ́ọ̀sì ní ṣúgà ló wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, oyún ló fà á.

Ó bí ọmọbìnrin kan tó tóbi débi pé àwọn agbẹ̀bí ń pe ara wọn wá wò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà a padà lọ, omi náà sì dúró ní búlúù. Mo ní ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì bojú wò mí.

"Kò parí." Èdè Aku, tó jọ òyìnbó àdàlù, ló ń sọ, díẹ̀díẹ̀, kó lè yé wa. Ó kọjú sí ìyàwó. "Obìnrin tí èyí bá ṣe nínú oyún, ó lè padà wá bá a lọ́jọ́ iwájú, kó sì jókòó tì í. Dín ìrẹsì kù. Fi tíì aládùn sílẹ̀. Máa jẹ ẹja, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, máa rìn dáadáa, kí o sì máa wá kí n yẹ ìtọ̀ rẹ wò lọ́dọọdún."

Ìyàwó gba ọ̀rọ̀ yìí bí àṣẹ. Nínú agboolé wa, abọ́ ńlá kan ni gbogbo obìnrin máa ń jókòó yí ká lọ́sàn-án, àwa àti àwọn Wolof tó ni ilé. Ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹja, tí wọ́n ń pè ní benachin, ló sì máa ń wà níbẹ̀. Ìyàwó kò jókòó tì wá mọ́. Yóò gbé abọ́ kékeré tirẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò máa jẹ ẹ̀wà àti ẹja.

Ìyá onílé wò ó lọ́jọ́ kan, ó wá yíjú sí mi. "Ṣé ẹ̀rù rẹ ló ń bà á ni? Wọ́n ní obìnrin tí kò rọ́mọ bí..."

Kò sọ ọ́ tán. Kò sì dìgbà tó bá sọ ọ́ tán kó tó yé mi.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì wo? Ìyá wa bí mẹ́sàn-án, ó ń jẹyán, ó ń mu ẹ̀kọ. Ta ló yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò?"

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó gba ọjà lọ.

Èmi ni ọkọ ìyàwó yìí ní ti àṣà wa, nítorí wọ́n ti bí mi sílé kó tó wọlé. "Ọkọ mi" ló ń pè mí, "ẹ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún mi, abọ́ rẹ̀ ń bú mi.

Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rá, ìyàwó padà sẹ́nu òwò. Ó ń gbé abọ́ lọ tà ní èbúté, níbi tí àwọn èrò tó ń lọ sí Barra lódìkejì odò ti ń wọkọ̀ ojú omi, ẹ̀wà rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ mi. Mo bu ṣíbí ṣúgà méjì sí i. Mo fi ata àti àlùbọ́sà bò ó.

"Ọkọ mi, ẹ̀wà yín mà dùn lónìí o."

"Àlùbọ́sà ni," mo dáhùn.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ pa á. Mo fẹ́ kí nǹkan kan má ṣe é, kí n lè dójú tì í. Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ìgbà oyún. Mo rí i. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn èbúté ni.

Lẹ́yìn ìrun alásárì ọjọ́ kan, a jókòó ti ataya, tíì wọn tó máa ń dùn bí oyin. Ìyá onílé na ife sí ìyàwó. Ìyàwó fọwọ́ bo ẹnu ife náà. "Ara mi ò gbà á."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ara rẹ ò gbà á? Ṣúgà tí ò ń sá fún, oṣù mẹ́ta rèé tí o ti ń jẹ ẹ́ nínú ẹ̀wà. Ṣé o kú?"

Kò sẹ́ni tó bá mi rẹ́rìn-ín. Ìyá onílé gbé ìkòkò tíì sílẹ̀. Ìyàwó pọn ọmọ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan ló lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Omi yẹn ti pọ́n. Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè sọ bóyá ẹ̀wà rẹ ló fà á, tàbí ó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ, ìwọ mọ ohun tí o ṣe."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè mí ní "ìwọ". Mo gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí. Kò yẹ̀, kò sì fọwọ́ bojú. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ̀gbọ́n mi ti gba yàrá sí Old Jeshwang, lẹ́yìn odi ìlú, ó ń kó ẹrù kọjá afárá Denton Bridge. Mo ní ṣé nítorí ṣíbí ṣúgà lásán ló ṣe ń fi mí sílẹ̀. Kò gbójú sókè níbi tó ti ń di ẹrù.

"Mo pè ọ́ wá kí o máa bọ́ wa ni," ló wí.

Ọdún púpọ̀ kọjá. Ìjọba ti yí orúkọ ìlú padà sí Banjul, mo sì ti ń ta ẹja gbígbẹ tèmi, nígbà tí mo gbọ́ pé egbò kan wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó tí kò jinná. Mo lọ. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ó ti rù. Ọmọ rẹ̀, tó ti di ọmọge, ń fi ife wọn ìrẹsì tí ìyá rẹ̀ máa jẹ. Ìyàwó lo oògùn rẹ̀ lójú mi, ó fi omi lé e.

Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọkọ, mo kúnlẹ̀ fún ìyàwó. "Dákun, forí jì mí."

"Dìde," ó ní. "Mo ti gbọ́."

Ó yíjú sí ìrẹsì tí ọmọ rẹ̀ ń wọ̀n. Mo dìde, mo gba ọ̀nà ilé.

Egbò náà jinná lọ́dún yẹn. Ẹlòmíràn ló sọ fún mi. Títí dòní, bí èmi àti ìyàwó bá pàdé lọ́jọ́ ọdún, yóò kí mi, yóò sì kọjá. Mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Síbẹ̀, bí mo bá rí i lókèèrè, inú ṣì máa ń kọ́kọ́ bí mi sí i, kí n tó rántí ohun tí mo ṣe.