Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Anpilifáyà Méjì

Ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò, mo sì máa rò ó bó ṣe rí gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó tọ́ mi dàgbà ti kú. Mi ò torí ikú rẹ̀ fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ohun tí wọ́n fi ohùn rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ikú ni mò ń bínú sí.

Òun ni aṣáájú akọrin ní ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ ní Ìgándó. Kí àìsàn tó dé, ó máa ń dá orin kọ ní pálọ̀ wa, á gbé fóònù rẹ̀ sórí fìríìjì, á gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ kó lè mọ ibi tó kù sí. Ọ̀kan péré ló ṣẹ́ kù nínú àwọn orin wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn ẹsẹ kejì, ó dánu dúró, ó kígbe pè mí: "Ìwọ ọkùnrin yìí! Ṣé imú ẹ ò gbọ́ òórùn ni? Ẹ̀wà ń jóná!" A tún máa ń gbọ́ bí mo ṣe dáhùn láti yàrá pé, "Mo ti ń bọ̀, mà!" Ó ní, "Láti àárọ̀ lo ti ń bọ̀! Ṣé ìlú Àgbàdo lo ti ń bọ̀ ni?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn náà ló sì fi wọ ẹsẹ kẹta.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ń sún mọ́lé, ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ìjọ wá gba fóònù náà, kí gbogbo ìjọ lè gbọ́ orin yẹn. Mo sọ ọ́ fún un ketekete: "Ẹ dà á kọ. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó wà nínú fóònù." Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, bọ̀dá." Lọ́jọ́ náà gan-an, ara mi ò gbà á láti jókòó gbọ́ ọ. Mo jáde síta pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, mo dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì gbígbóná títí orin fi tán. Wọ́n dá fóònù padà, mo tì í mọ́ inú àpótí.

Anpilifáyà ló jẹ́ kí n tún gbé e jáde. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan láti yunifásítì, tó ní kẹ́míìsì ní ibùdókọ̀ Pleasure, la jọ ń ya wèrè hẹ́dìfóònù. Ọ̀gá kan tó ń jápa lọ sókè òkun ló ta anpilifáyà méjì fún wa pa pọ̀, ojúlówó ẹ̀rọ, irú èyí tí èèyàn ń ki wáyà hẹ́dìfóònù bọ̀ kí ohùn lè jáde bó ṣe yẹ. Alátiransísítọ̀ ni méjèèjì, wọn kì í ṣe onígílóòbù ayé àtijọ́ tó ń gbóná bí ààrò. Ọ̀kan dúdú, èkejì ní àwọ̀ fàdákà. A fẹnu kò pé a ó fi etí wé wọn, kálukú á sì mú ọ̀kan.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ọ̀rẹ́ mi wá sílé mi. Kùránì kíkà ló fi dán wọn wò, torí ó mọ gbogbo ibi tí alùfáà tó ń kà á ti ń mí. Ó gbọ́ dúdú, ó gbọ́ fàdákà, ó mirí.

"Dúdú yìí ń fi òrí pa ohùn lára," ó ní. "Ó dùn o, àmọ́ kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀fun ọkùnrin yẹn. Fàdákà ò ṣojúsàájú."

"Ìwọ kúkú fẹ́ràn ẹjọ́."

"Ta ló fẹ́ràn ẹjọ́ jù ọ́ lọ ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́? Gbé orin tìẹ wá jàre."

Mo mú fóònù ẹ̀gbọ́n mi jáde, mo ki wáyà bọ dúdú. Ohùn rẹ̀ wọlé, omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ó jìnnà, bí ìgbà tó dúró sínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí kò sí àga. Mo ní, "Ẹ̀rọ yìí ń fi gbohùngbohùn sí i."

"Ẹ̀rọ kì í dá gbohùngbohùn ṣe. Ṣó fi sí Kùránì mi?"

Mo sún sórí fàdákà. Fàdákà ò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Fáànù pálọ̀ wa tó máa ń dún ká-ká-ká nídìí orin yẹn ti pòórá. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń mí láàárín ìlà sí ìlà, wọ́n ti gé e bí ẹni gé èékánná. Mo ń dúró de ẹ̀wà. Ẹsẹ kejì parí. Ẹsẹ kẹta sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láti ibi tí ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Mo bọ́ hẹ́dìfóònù. "Ẹ̀wà dà?"

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. "Ṣé ebi ń pa ẹ́ ni?"

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo gba ìjọ lọ. Mo bá ọ̀gá ẹ̀rọ tó ń to makirofóònù fún ìsìn ọjọ́ kejì.

"A fọ̀ ọ́ mọ́ ni o, bọ̀dá," ó ní, inú rẹ̀ ń dùn. "Ariwo fáànù ti pọ̀ jù. A wá fi gbohùngbohùn díẹ̀ sí i, kó lè dà bí orin ọ̀run."

"Ẹ̀wà ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, bọ̀dá! Ṣé kí ìjọ wá gbọ́ bí màmá akọrin ṣe ń jágbe nítorí ẹ̀wà ni? Lọ́jọ́ ìrántí? Ẹni tó ti wọ aṣọ funfun lọ́dọ̀ Olúwa!"

"Èyí tó wà nínú fóònù ni mò ń béèrè."

"Èyí tó mọ́ la fi rọ́pò ẹ̀, kí ẹnì kan má baà ṣèèṣì gbé eléèérí yẹn sáfẹ́fẹ́. Ti kọ̀ǹpútà wa náà, a ti pa á rẹ́, àyè ò sí mọ́. Ẹ má bínú, sà. Ìfẹ́ ló jẹ́ ká ṣe é."

Ìfẹ́ ṣá! Ohun tí mo ní kó má fọwọ́ kàn, ó fọwọ́ kàn án. Kò sọ fún mi nígbà tó dá fóònù padà. Ó pe ibì kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi sọ̀rọ̀ ní èérí, ó wá ní kí n má bínú. Mo bá alàgbà ìjọ kan sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Alàgbà ní, "Orin ò kúkú sọnù. Kí lo tún ń wá?" Orin yẹn, gbogbo ìjọ ló ni ín, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ lọ́la. Ẹ̀wà yẹn, èmi nìkan ni wọ́n kígbe rẹ̀ sí.

Nígbà tí mo délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó wá béèrè pé, "Ṣé ẹ̀wà náà jóná lóòótọ́?"

"Ó jóná. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó ti fàdákà síwájú mi. "Ìwọ ló yẹ kó mú èyí. Ìwọ tí kì í gbójú fo nǹkan."

Mo tún gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú fàdákà, ìró àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi gé e ni mò ń gbọ́, mi ò gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Nínú dúdú, ojú ibi tí wọ́n ti gé e pa dé díẹ̀, bíi pé kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́ rí.

"Mú fàdákà lọ," mo ní.

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Mú un lọ, jọ̀ọ́."

Ó ká wáyà, ó gbé e sínú báàgì, ó forí lé Pleasure. Mi ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní purọ́ pé mo ti dárí jì wọ́n. Mo gbé dúdú sétí. Mo mọ ibi tí ọgbẹ́ yẹn wà dáadáa. Nígbà tí orin dé ibẹ̀, mo di ojú mi, mo jẹ́ kó kọjá.