Nẹ́ẹ̀tì Ìyàwó Lórí Máńgòrò Jíjẹrà

“Agbọ́n kọ́, oyin ni. Ìyá Ọmọ́ṣọlá, ṣé nínú ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́ lo ti fẹ́ máa sin agbọ́n? Wallahi, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, igi yẹn á ti wolẹ̀.”

Alhaji Bàdírù, onílé wa, nìyẹn. Ẹ bá mi fi imú kà á, torí gbogbo ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, imú ló ń gbà jáde. Mo mọ̀ ọ́n sín jẹ débi pé ìyàwó rẹ̀ gan-an a máa dá mi lóhùn láti kíṣíìnì, á ní, “Alhaji, mò ń bọ̀.”

Kò kúkú jẹ̀bi lọ́jọ́ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti tuwo rẹ̀ ni eṣinṣin bo abọ́, kò mọ èyí tó jẹ́ ọbẹ̀ mọ́. Inú dírọ́ọ̀mù Ìyá Ọmọ́ṣọlá ni gbogbo wọn ti jáde.

Ẹ jẹ́ n sọ obìnrin náà fún yín. Ọmọ Ọ̀fà ni, ọkọ̀ ojú irin ló gbé e wá sí Kánò níyàwó. Ó ń ta léèsì ní Ibo Road, yàrá rẹ̀ sì kọjú sí tiwa nínú ilé Alhaji ní Enugu Road. Kò sí ohun tí kò lè fi apá wọ̀n. Ẹ gbé ọmọ tuntun fún un, á ní, “Ààbọ̀ yáàdì. Á ga.” Ẹ̀rín ló sì máa ń kọ́kọ́ rín kó tó sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Kó tó sọ ọ́ tán, àwa náà ti rẹ́rìn-ín tán.

Ọkọ rẹ̀ ló gbin igi máńgòrò àárín ilé kó tó kú. Ọ̀fà ni wọ́n sin ín sí. “Ọ̀fà jìn,” ló máa ń wí, “igi yìí ni mo ń rí ní Kánò.” Abẹ́ rẹ̀ ló ti máa ń ká aṣọ tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Àmọ́ ìdin bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ máńgòrò náà. O máa gé e jẹ báyìí, ìdin á máa wò ẹ́ lójú. Alhaji á ní ká gbá a dà sí juji, ààtàn ẹ̀yìn ilé, eṣinṣin á tún ti ibẹ̀ fò padà wá.

Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àgbẹ̀, ló là á lóye. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bíi pé ẹyin wà lẹ́nu ẹ̀: “Màmá, eṣinṣin ló ń yé sínú máńgòrò, ẹyin yẹn ló ń di ìdin. Àmọ́ agbọ́n kékeré kan wà, kò ju èèrà lọ, kì í ta èèyàn. Ara ìdin lòun ń yé sí, ọmọ rẹ̀ á jẹ ìdin náà tán látinú. Tẹ́ ẹ bá da máńgòrò jíjẹrà nù, ẹ ti da agbọ́n náà nù. Ẹ kó o sínú dírọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Eṣinṣin sanra, á kú síbẹ̀. Agbọ́n á gba ojú nẹ́ẹ̀tì jáde, á máa wá ìdin mìíràn lọ.”

Ìyá Ọmọ́ṣọlá gbọ́ gbogbo ẹ̀ àfi nẹ́ẹ̀tì. Ṣé ẹni tó ń ta aṣọ tún máa ń lọ ra aṣọ ni? Àjẹkù léèsì ló mú bo dírọ́ọ̀mù, òdòdó ńlá, ihò ńlá. Eṣinṣin ò tiẹ̀ tẹrí ba kó tó jáde. Ó di orí tuwo Alhaji.

Lẹ́yìn ìjà yẹn, Ìyá Ọmọ́ṣọlá pè mí. “Rahinat, ìwọ tí o ò lọ síléèwé mọ́, wá ká lọ dá aṣọ fún eṣinṣin.”

“Mà?”

“Ṣé a kì í wọn oníbàárà ká tó gé aṣọ fún un ni?”

A da yanrìn sínú ìgò ẹnu fífẹ̀, a kó máńgòrò oníìdin lé e, a dúró títí eṣinṣin àti agbọ́n fi jáde nínú ẹ̀. Agbọ́n rèé tín-ń-tín, ó ń wọ́ abẹ́rẹ́ gígùn nídìí bíi télọ̀. La bá gbé ìgò, ó di Ibo Road. Ṣọ́ọ̀bù tá a bá dé, á ní kí wọ́n gbé nẹ́ẹ̀tì wá, á so ó mọ́ ẹnu ìgò.

Alice tó ń ta aṣọ ìyàwó bi í pé, “Mama, who dey marry?”

“Na fly. I no want make e comot for house.”

Alice wò ó, ó wò mí, ó rọra sún sẹ́yìn.

Nẹ́ẹ̀tì kan, àtagbọ́n àteṣinṣin fẹ́ gbà á jáde. Òmíràn, ìkankan ò lè jáde. Ìbòjú ìyàwó kan ló wá ṣe é: agbọ́n yọ́ kọjá, eṣinṣin ki orí bọ̀ ọ́, ìdí ò gbà. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá Ọmọ́ṣọlá ń kọ délé, ó fi ìbòjú náà rọ́pò léèsì lórí dírọ́ọ̀mù.

Bí dírọ́ọ̀mù wa ṣe di ìyàwó nìyẹn. Àwọn obìnrin ilé á máa kí i, “Ìyàwó, ẹ kú ilé o.” Máńgòrò tó bá ti jábọ́, inú ẹ̀ ló ń lọ. Ilé kejì náà ń kó tiwọn wá. Ojú sánmọ̀ ni Alhaji ń wò ní tiẹ̀.

Òjò ṣú. Alhaji ránṣẹ́ sí Màlàm Yàhàyá, agégi, ní Tarauni. Ìyẹn gbé àáké dé, ó ní kóun kọ́kọ́ sinmi. Ìyá Ọmọ́ṣọlá gbé máńgòrò fún un bí àlejò, ó wá mú ọ̀bẹ, ó ń la òmíràn lójú Alhaji. Ó la ọ̀kan, ó mọ́. Ó la èkejì, ó mọ́. Ó la ẹ̀kẹta, ìdin kan yọjú, ó ń nà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Alhaji bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Ẹyọ kan? Lọ́dún tó kọjá, tìyá-tọmọ ni mo ń bá níbẹ̀.”

Màlàm Yàhàyá kò la tiẹ̀ wò rárá. Omi máńgòrò ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ti àáké sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Alhaji, ni dai ba zan sare wannan ba.” Òun ò ní gé eléyìí, kó wá igi mìíràn fún òun.

Alhaji fẹ́ bínú, àmọ́ máńgòrò ti wà lẹ́nu òun náà. “Ìyá Ọmọ́ṣọlá, àwọn agbọ́n rẹ yẹn, ṣé wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo nilé?”

“Wọ́n mọ̀ yín dáadáa, Alhaji.”

“Kí wọ́n máa gbébẹ̀. Igi náà dúró.”

Ìyá Ọmọ́ṣọlá bú sẹ́rìn-ín, gèlè já bọ́ lórí ẹ̀, kò mú un.

Láti ọjọ́ yẹn, ibi tí mo bá dé ní Enugu Road, wọ́n á ní n ṣe Màlàm Yàhàyá fáwọn, bó ṣe ń lá ọwọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe é fún yín ni…

“Rahinat, máńgòrò ti kún ilẹ̀ o. Ṣé ẹnu lo máa fi ṣà á ni?”

Ìyá Ọmọ́ṣọlá fúnra ẹ̀ nìyẹn o, èmi kọ́. Mo ń bọ̀, mà.