Tuo Tó Wà Lórí Wọ́dúróòbù

Ní Alajo, àdúgbò kan ní Accra, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ le, Kàsímù Àrówólò ló ń wá. Ajórinmọ́rin ni. Òun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú géètì àdúgbò wa, òun ló sì fi irin dí fèrèsé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Makola. Bó bá jó irin tán, á fi èjìká tì í wò, á ní, "Olè tó bá gba ibí kọjá, ẹ bá mi kí i!"

Àmọ́ nínú ilé tirẹ̀, orí wọ́dúróòbù ni ìbọn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ń sùn, nínú àkísà aṣọ kan. Ìbọn yìí ló fi ń pa ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lóko. Ó ní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Àgádágodo ni kò ní.

Sabon Zongo, àdúgbò àwọn Hausa, ni wọ́n bí Kàsímù sí. Níbẹ̀, oúnjẹ ni tuo, òkèlè rírọ̀ tí àwọn Hausa ń rò. Alajo ni wọ́n bí Afua, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje, sí, èdè Twi ló sì ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ. Nínú Twi, ìbọn ni tuo.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Kàsímù ń jó géètì níwájú ilé, ebi sì ń pa á. Afua sáré jáde.

"Bàbá! Tuo wà lórí wọ́dúróòbù!"

Inú Kàsímù dùn. "Ìyá yín ló gbé e sá fún èèrà! Lọ gbé e wá. Rọra o, kó má dà nù."

Ojú ọmọ náà ń dán. "Ẹ ní kí èmi gbé e?"

"Àbí ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó fò wọlé.

Kàsímù ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí Ojúọlá ìyàwó rẹ̀ ti Makola dé.

"Ìyá Afua, o ṣeun. O ro tuo, o wá lọ gbé e pamọ́ sórí wọ́dúróòbù!"

"Tuo wo? Iṣu ni mo sè, orí sítóòfù ló wà. Ta ló ń gbé oúnjẹ sórí wọ́dúróòbù?"

Ìbọ̀wọ́ já bọ́ lọ́wọ́ Kàsímù. Ó fò kọjá lórí géètì náà, bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù síta.

Afua dúró lórí àga. Ó ti fa ìbọn náà sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì, ẹnu ìbọn sì kọjú sí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí Fàrídà, àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, jókòó sí tó ń pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, ó wúwo!"

Kàsímù kò pariwo. "Mo ti rí ẹ, ọmọ mi. Má mira rárá." Ó fi ara rẹ̀ dí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́, ó yí ẹnu ìbọn sókè, ó gbà á. Nígbà tó ṣí i, ọta kan wà nínú rẹ̀. Láti oko ló ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ojúọlá ti gbá Fàrídà mọ́ra. "Bàbá Afua! Ẹ ti gbogbo ilé Accra pa, ẹ wá ṣí ikú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi!"

Afua bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e!"

"Òótọ́ ni. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tìẹ."

Kò fẹnu kan iṣu. Ó pa géètì oníbàárà tì, ó mú irin tó nípọn jù, ó jó àpótí gígùn, ó sì fi bóòtù irin dè é mọ́ ògiri. Ìbọn wọ inú rẹ̀ láìsí ọta. Ọta wọ inú àpótí kékeré ní yàrá mìíràn, pẹ̀lú àgádágodo tirẹ̀. Ó so àwọn kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìbàdí ara rẹ̀. Ó wá pe Afua.

"Bí o bá rí ìbọn, ìbáà jẹ́ nílé ọ̀rẹ́ rẹ, má fọwọ́ kàn án. Kúrò níbẹ̀, kí o lọ pe àgbà."

"Bí àgbà bá ní kí n gbé e wá ńkọ́?"

"Má dá a lóhùn. Ìbáà jẹ́ èmi."

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ojúọlá ro tuo. Afua yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín: "Bàbá, tuo ti dé!"

Kàsímù ti fò dìde, ó ti di kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀ mú.

"Èyí tí wọ́n ń fọbẹ̀ jẹ ni!" Ojúọlá fi ẹ̀rín sọ. "Ẹ jókòó, kó má tutù."

Kò tíì jókòó. Ó kọ́kọ́ lọ fi èjìká ti àpótí náà wò.